Oòrùn, Fìrísà, tàbí Ìgò Tí A Dé Pa? Ìfiwéra Àwọn Ọ̀nà Tí A Fi Ń Lé Kòkòrò Kúrò Nínú Kọ́bọ́ọ̀dù Ilé Ìdáná

Ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù láti bu ẹ̀wà sínú abọ́, ẹ wá rí i pé ìyẹ̀fun funfun ti gbára jọ sí ìsàlẹ̀ ike, àwọn hóró mìíràn sì ti ní ihò roboto bí ẹni pé wọ́n fi ìṣó tẹ́ẹ́rẹ́ lù wọ́n. Kí ẹ tó ránṣẹ́ lọ ra oògùn apakòkòrò, ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ dáhùn, nítorí òun ni yóò sọ ọ̀nà tí ẹ óò yàn: ṣé inú oúnjẹ náà ni kòkòrò yìí ti jáde ni, àbí ìta ni ó ti wọlé wá bá oúnjẹ? Eèrà àti aáyán ń ti ìta wọlé. Kòkòrò ẹ̀wà, kòkòrò ìrẹsì àti èyí tí ó ń jẹ èlùbọ́ kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ọjà ni a ti fi owó wa rà wọ́n wálé. Kọ́bọ́ọ̀dù kọ́ ni ó bí wọn, nítorí náà, bí ó ti wù kí a fín oògùn sí kọ́bọ́ọ̀dù tó, kò ní kan èyí tí ó wà nínú hóró.

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo fẹ́ fi wéra jù lọ nínú ohun tí mo ń kọ yìí, ìyẹn oòrùn, fìrísà àti ohun èlò tí a dé pa tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀. Mo máa fi ọwọ́ kan ata, eérú, ewé dóńgóyárò àti oògùn olómi pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn kò pọ̀ tó ti àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́.

Irú kòkòrò tí ó wà nílẹ̀

Abo kòkòrò ẹ̀wà kì í yé ẹyin rẹ̀ sí ara àpò tàbí sí ara pákó kọ́bọ́ọ̀dù; ara hóró ẹ̀wà gan-an ni ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Bí ẹ bá gbé hóró kan sí àtẹ́lẹwọ́ nínú ìmọ́lẹ̀ tí ó dára, ẹ óò rí àmì funfun kan tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ẹyin nìyẹn. Ìdin tí ó bá pa nínú rẹ̀ kò ní yọjú síta rárá, ńṣe ni yóò lu ihò láti abẹ́ ẹyin wọnú hóró, tí yóò máa jẹun níbẹ̀ títí yóò fi gúnyẹ̀ẹ́, kí ó tó wá gé fèrèsé roboto tí yóò gbà jáde. Nínú ooru ilẹ̀ wa, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ni gbogbo èyí ń gbà. Abo kan ṣoṣo lè yé ẹyin tí ó sún mọ́ ọgọ́rùn-ún. Ẹ wá ro ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ sí kóńgò ẹ̀wà kan tí ẹ gbàgbé sí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù fún oṣù méjì. Kòkòrò ẹ̀wà tí ó ti dàgbà kò nílò láti jẹun mọ́, kì í sì í pẹ́ láyé ju bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ, nítorí náà, àgbà tí ẹ ń rí tí ó ń rìn kiri kọ́ ni ó ń ba ẹ̀wà yín jẹ́. Ọmọ tí ẹ kò rí ni.

Kòkòrò ìrẹsì náà ń fi ẹyin sínú hóró, ó tilẹ̀ máa ń dí ojú ihò tí ó fi í sí, tí ẹnikẹ́ni kò fi ní mọ̀. Òun ni ẹ fi máa ń rí imú gígùn níwájú orí rẹ̀. Àwọn àgbà tirẹ̀ ń jẹun, wọ́n sì ń lo oṣù mélòó kan láyé, wọ́n tún máa ń bọ́ sí orí àgbàdo àti ọkà bàbà. Ti inú ìyẹ̀fun, sèmó àti èlùbọ́ tún yàtọ̀: kòkòrò pupa rúsúrúsú pẹlẹbẹ kan wà tí ẹyin rẹ̀, ìdin rẹ̀ àti àgbà rẹ̀ jọ ń gbé inú ìyẹ̀fun kan náà, tí àgbà rẹ̀ sì lè lo ọdún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé. Bí ó bá ti pọ̀ jù, ìyẹ̀fun náà yóò máa rùn ní ọ̀nà kan tí kò ṣeé ṣàlàyé, àmàlà tí ẹ bá fi rò kò sì ní lọ lọ́nà ọ̀fun. Irú èyí kò ní oògùn mọ́. Ẹ dà á nù.

Oòrùn: ó dára, bí a bá mọ̀ ọ́n lò

Oòrùn kò gba owó, òun sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa bá lọ́wọ́ àwọn ìyá wa. A ó da ẹ̀wà sórí ẹní tàbí àtẹ, a ó gbé e síta ní òwúrọ̀, àwọn kòkòrò yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Ohun tí ojú wa ń rí nìyẹn, òun gan-an ni ó sì ń tàn wá jẹ. Àwọn tí ó sá ni àwọn tí ó ti gúnyẹ̀ẹ́. Wọ́n fò lọ sí ìdí ògiri, wọ́n sì lè padà wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹyin àti ìdin kò lè sá, bẹ́ẹ̀ ni ooru tí ó ń dé ọ̀dọ̀ wọn nínú hóró lórí ẹní lásán kì í sábà tó èyí tí yóò pa wọ́n. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, a ó wá máa pariwo pé kòkòrò tún ti dé, bẹ́ẹ̀ ni kò lọ rí.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Àwọn onímọ̀ tí ó ṣe ìwádìí lórí kòkòrò ẹ̀wà rí i pé bí ooru bá dé 57 °C, tí ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan, àti ẹyin, àti ìdin, àti àgbà ni yóò kú. Láti dé ibẹ̀, ẹ tẹ́ páálí tàbí ẹní sílẹ̀ kí ilẹ̀ má baà fa ooru náà mu, ẹ tẹ́ ọ̀rá dúdú lé e lórí, ẹ da ẹ̀wà sí i kí ó má nípọn ju ìbú ìka kan lọ, ẹ wá fi ọ̀rá funfun tí ó mọ́ gaara bò ó, kí ẹ sì fi òkúta tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ yíká kí atẹ́gùn má ráyè wọlé. Láti agogo mọ́kànlá títí di agogo méjì ọ̀sán, ní ọjọ́ tí oòrùn bá mú gan-an, ẹ óò rí òógùn lábẹ́ ọ̀rá náà, bí ẹ bá sì ki ọwọ́ bọ àárín ẹ̀wà, ẹ kò ní lè fi í síbẹ̀ pẹ́. Bí ọwọ́ yín bá lè gbé ibẹ̀ ní ìrọ̀rùn, ẹ mọ̀ pé kòkòrò náà lè gbé ibẹ̀. Kí ẹ tó kó o wọlé, ẹ ṣí i kí òógùn yẹn gbẹ, kí ó sì tutù pátápátá, nítorí ẹ̀wà tí a bá kó sínú ike nígbà tí ó ṣì gbóná yóò hu.

Àléébù oòrùn ni pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó wà. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, kò sí ọ̀nà tí ó dà bíi rẹ̀. Ní oṣù Keje, ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé e yóò máa sáré kó ẹ̀wà wọlé nítorí òjò ni. Ó tún gba ààyè. Ẹni tí ó ń gbé ilé alájà mẹ́ta tí kò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tàbí tí ewúrẹ́ aládùúgbò rẹ̀ mọ àkókò tí a ń sá nǹkan ju onílé lọ, kò ní gbádùn rẹ̀. Èlùbọ́ àti ìyẹ̀fun kò sì bá a mu dáadáa bíi ti ẹ̀wà, nítorí atẹ́gùn ń gbé wọn lọ, eruku sì ń kún wọn. Ní tiwọn, ajọ̀ ni ó yẹ kí ó ṣáájú: ẹ sẹ̀ wọ́n kí àgbà àti ìdin ńlá dúró sínú ajọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé ẹyin kéré tó láti gba ojú ajọ̀ kọjá.

Fìrísà: ó ń pa wọ́n tán, bí iná bá gbà

Bí a bá ń sọ nípa pé kí kòkòrò kú tán láìsí wàhálà, fìrísà ni ó borí. Òtútù -18 °C fún ọjọ́ mẹ́rin sí ọ̀sẹ̀ kan yóò pa gbogbo ìran kòkòrò tí mo dárúkọ, láti orí ẹyin dé orí àgbà, yálà inú hóró ni wọ́n wà tàbí inú ìyẹ̀fun. Ẹ di oúnjẹ náà ní kílò kan kílò kan tàbí méjì méjì sínú ọ̀rá, nítorí àárín àpò ńlá kì í tètè tutù, kòkòrò tí ó bá wà níbẹ̀ lè yè. Nígbà tí ẹ bá sì yọ ọ́, ẹ má ṣe tú u lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó wà ní dídì títí ara rẹ̀ yóò fi padà bọ̀ sípò, kí ìrì tí yóò sẹ̀ lè dúró sí ẹ̀yìn ọ̀rá dípò kí ó wọ inú èlùbọ́. Èlùbọ́, sèmó, ìyẹ̀fun, ègúsí lílọ̀ àti edé, fìrísà ni mo fún gbogbo wọn.

Fìríìjì kì í ṣe fìrísà o. Òtútù fìríìjì ń mú kí kòkòrò dákẹ́ ni, kì í tètè pa á. Yóò kàn ká ara kò síbẹ̀ bí ẹni tí ó ń sùn, bí ẹ bá sì gbé e síta, yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ní ọdún kan, mo kó kóńgò ẹ̀wà olóyin mẹ́rin sínú fìrísà ní ọjọ́ Ajé, mo ní kí n yọ wọ́n ní ọjọ́ Ajé kejì. Iná lọ ní ọjọ́rú, kò sì dé títí di alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọjọ́ méje ni mo kà ní orí mi, ọjọ́ méjì péré ni òtútù fi ṣiṣẹ́ kí iná tó lọ. Kí oṣù náà tó parí, ihò ti wà lára ẹ̀wà, ó sì tún ń rùn bí ẹja, nítorí ẹ̀gbẹ́ ẹja kíká ni mo gbé e sí. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú rẹ̀ ni pé ọjọ́ tí fìrísà fi dì gbagidi ni kí a máa kà, kì í ṣe ọjọ́ tí nǹkan wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé ike omi kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí omi náà bá ti yọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìkà yín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Fún àwọn ará wa tí ó wà ní London tàbí ní Houston, tí iná kì í ṣe bá wọn ṣeré, mi ò rò pé ó yẹ kí wọ́n dá ara wọn lágara pẹ̀lú ọ̀nà mìíràn. Èlùbọ́ tí ó ti ilé dé nínú àpótí, kí ó má tilẹ̀ dé kọ́bọ́ọ̀dù rárá kí ó tó lo ọ̀sẹ̀ kan nínú fìrísà.

Ohun tí a dé pa: kì í yára, ṣùgbọ́n kì í sùn

Ẹ̀wà gbígbẹ kò ní omi tí ó tó kòkòrò mu. Omi tí ó gbé kòkòrò ró, ara rẹ̀ ni ó ti ń ṣe é, afẹ́fẹ́ tí ó ń mí sínú àti oúnjẹ tí ó ń jẹ ni ó sì fi ń ṣe é. Bí a bá dé e mọ́ inú ohun tí afẹ́fẹ́ tuntun kò lè wọ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò mí èyí tí ó wà níbẹ̀ tán; yóò jáwọ́ nínú jíjẹ, omi ara rẹ̀ yóò gbẹ, yóò sì kú. Orí èyí ni wọ́n gbé àpò onípele mẹ́ta tí à ń pè ní PICS kà, èyí tí àwọn onímọ̀ láti Purdue University ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lé lórí ní Cameroon ní ìparí àwọn ọdún 1980: ọ̀rá líle méjì wà nínú, àpò híhun sì wà níta. Ẹni tí ó bá ra àpò ẹ̀wà odindi ní ìgbà ìkórè, òun ni mo gbà níyànjú pé kí ó wá irú rẹ̀ rà.

Nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ìgò omi ike lítà kan àbọ̀ tí gbogbo wa ń sọ nù lè ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí inú rẹ̀ gbẹ fún ọjọ́ méjì, ẹ da ẹ̀wà sí i, ẹ máa gbọ̀n ọ́n kí ó lè wọlẹ̀, kí ẹ sì kún un dé ọrùn, nítorí ààyè tí ó bá ṣófo lókè, afẹ́fẹ́ ni ó wà níbẹ̀. Láti mọ̀ bóyá ìdérí rẹ̀ dára, ẹ kọ́kọ́ dé e ní òfìfo, ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ inú omi, kí ẹ sì fún un. Bí ó bá ń hó, ẹ wá òmíràn. Kẹ́ẹ̀gì tí ó mọ́ náà dára fún ẹni tí ó ní púpọ̀. Ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń di nǹkan fún wa ní ọjà kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, kòkòrò ẹ̀wà ń lu ú jáde bí ẹni ń lu ìwé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ike tí ìdérí rẹ̀ kàn jókòó lé e lórí: ó dára fún eèrà, kò dára fún èyí tí a ń wí.

Ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó ni pé kì í pa wọ́n ní ọjọ́ kan. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn àgbà díẹ̀ sì lè jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó tán. Ìgbàkígbà tí ẹ bá sì ṣí i, afẹ́fẹ́ tuntun ti wọlé nìyẹn, ìdí nìyẹn tí ìgò kékeré púpọ̀ fi sàn ju ike ńlá kan lọ. Gaàrí tí kò gbẹ tó, tàbí èlùbọ́ tí ó ṣì ní ọ̀rinrin, kò yẹ fún un. Yóò hu nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá wá ní kí n yan ọ̀kan, mo máa sọ pé ìbéèrè náà kò tọ́. Oòrùn àti fìrísà ń pa èyí tí ó wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lè dá èyí tí ó ń bọ̀ dúró. Ìgò tí a dé pa ń dènà èyí tí ó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ó ń fi sùúrù pa èyí tí ó wà nílẹ̀. Ẹ fi ọ̀kan nínú méjì àkọ́kọ́ pa á, kí ẹ sì fi ẹ̀kẹta ṣọ́ ọ.

Ata, eérú, ewé àti epo

Ata gbígbẹ odindi nínú ike ẹ̀wà wọ́pọ̀ púpọ̀, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó lè ṣe kò ju kí ó má jẹ́ kí àwọn àgbà fẹ́ràn ibẹ̀ lọ. Ata kò lè wọ inú hóró lọ bá ìdin. Ewé dóńgóyárò gbígbẹ lágbára jù ú lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó korò, kò sì yẹ nínú ohun tí a kò ní fọ̀ kí a tó sè é. Eérú ń ṣiṣẹ́ gan-an bí ó bá pọ̀, àní kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹ̀wà fúnra rẹ̀, èyí tí ó dára fún àgbẹ̀ tí ó fẹ́ tọ́jú irúgbìn, tí kò sì bá kọ́bọ́ọ̀dù ìlú mu.

Epo ni ó yà mí lẹ́nu nínú wọn. Ṣíbí ìmutíì kan òróró ẹ̀pà sí kílò ẹ̀wà kan, tí a fi ọwọ́ pò títí tí gbogbo hóró yóò fi dán, yóò bo ẹyin tí ó wà lára hóró mọ́lẹ̀, tí kò fi ní lè pa. Ó dára fún ẹ̀wà tí ẹ óò jẹ láàárín oṣù díẹ̀, kí ó tó máa rùn. Ẹ má dán an wò lára ìrẹsì. Nígbà tí mo wà lórí èyí, NSPRI, iléeṣẹ́ ìjọba tí ó ń ṣèwádìí lórí títọ́jú irè oko, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìlọrin, ní ìyẹ̀fun kan tí wọ́n ń pè ní NSPRIDUST, tí wọ́n fi irú erùpẹ̀ kan tí wọ́n wà láti inú ilẹ̀ ṣe. Kì í ṣe májèlé. Ńṣe ni ó ń ba ààbò ara kòkòrò jẹ́ tí omi ara rẹ̀ fi ń gbẹ. Ẹni tí ó ń tọ́jú àgbàdo tàbí ẹ̀wà púpọ̀ lè béèrè rẹ̀.

Káńfọ̀ kò yẹ nítòsí oúnjẹ rárá. Inú àpótí aṣọ ni ó ti ń ṣiṣẹ́, òórùn rẹ̀ yóò sì bá èlùbọ́ dé inú àmàlà.

Oògùn olómi

Nínú gbogbo ìfiwéra yìí, òun nìkan ni mo fẹ́ kí ẹ yọ kúrò pátápátá. Dichlorvos ni èròjà tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ ìgò kékeré tí wọ́n ń tà, ó sì máa ń wà nínú òtapíápíá náà. Ní ọdún 2015 ni àjọ ìṣọ̀kan àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí pé wọ́n ń rí i lára rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, ní ọdún 2019 sì ni NAFDAC dá títa ìgò rẹ̀ tí kò ju 100 ml lọ dúró ní ọjà àti ilé ìtajà ńlá. Òòru rẹ̀ ń bá ẹ̀wà lọ, ó sì léwu fún ẹni tí ó ń mí i sínú.

Nígbà kan ní ọjà Bódìjà, mo ń ṣa ẹ̀wà, mo ń da àwọn tí ó ní ihò sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyá tí ó ń tà á wò mí títí, ó ní: "Ọmọ mi, o ò mọ̀ pé èyí tí kòkòrò jẹ ni èyí tí kò ní májèlé?" Mo ní: "Ẹ ṣeun mà, ṣùgbọ́n ẹ bá mi dín owó rẹ̀ kù nígbà náà." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tọ́ tán, nítorí wọ́n lè da oògùn sí i lẹ́yìn tí kòkòrò ti jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni ihò kan tàbí méjì kò ti bà mí lẹ́rù mọ́ bíi àpò tí kò ní ihò kankan ní oṣù Kẹjọ, tí òórùn kan sì ń jáde nínú rẹ̀.

Eèrà àti aáyán

Ti àwọn wọ̀nyí kò gùn. Eèrà ń tẹ̀lé ipa tí ó ti fi lélẹ̀. Ẹ fi omi ọṣẹ nu ipa náà dé ibi tí ó ti ń wọlé, ẹ dí ihò ibẹ̀, kí ẹ sì gbé ṣúgà àti oyin sínú ohun tí ó ní ìdérí. Aáyán ń wá omi ju oúnjẹ lọ, nítorí náà, ẹ tún páìpù tí ń jò lábẹ́ síǹkì ṣe kí ẹ tó na owó lórí oògùn. Níbí, bí ẹ bá fẹ́ lo oògùn, èyí tí ó wà gẹ́gẹ́ bí ìjẹ, tí a ń tò díẹ̀díẹ̀ sí kọ̀rọ̀ àti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, sàn ju èyí tí a ń fín sí afẹ́fẹ́ lọ.

Ẹ̀wà tí ó ti bàjẹ́ díẹ̀ ńkọ́?

Kí ẹ tó kó ohunkóhun padà, ẹ kó kọ́bọ́ọ̀dù síta tán, ẹ fi ìgbálẹ̀ ọwọ̀ gbá kọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ojú ibi tí pákó ti pàdé, nítorí ìyẹ̀fun tí ó bọ́ síbẹ̀ ni kòkòrò èlùbọ́ ń jẹ títí tí ẹ óò fi ra òmíràn. Ẹ̀wà tí ihò rẹ̀ kò pọ̀ ṣì ṣeé jẹ. Ẹ fẹ́ ẹ kí ìyẹ̀fun rẹ̀ fò lọ, ẹ da omi lé e, kí ẹ sì gbọ́n gbogbo èyí tí ó bá léfòó dànù, nítorí àwọn tí ìdin ti jẹ inú wọn tán ni wọ́n ń fúyẹ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó bá rì, ẹ bó èèpo rẹ̀ kí ẹ sì lọ̀ ọ́ fún àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín, nítorí bí ẹ bá ti ń bó o ni ojú yín yóò máa rí inú hóró kọ̀ọ̀kan. Bí èyí tí ó léfòó bá ti ju èyí tí ó rì lọ, àwọn adìyẹ ni ó kàn.